Orin "My Girl" Tí Ìsẹ́yìn Mọ̀

Bí ènìyàn bá dárúkọ orin "My Girl" láàárín àwọn tó mọ orin soul, The Temptations ni wọn yóò tọ́ka sí. Smokey Robinson àti Ronald White ló kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Motown ní ìlú Detroit gbé e jáde ní ìparí ọdún 1964, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹta ọdún 1965, òun ló wà lókè téńté ní Amẹ́ríkà. Otis Redding tún un kọ lọ́dún náà. Ibẹ̀ ni ìtàn sábà máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n alàgbà kan wà ní Ìsẹ́yìn, ahunṣọ, tí ó lé ní àádọ́rin ọdún kí ó tó gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. "My Girl" tirẹ̀, Ìbàdàn ló ti wá.

Ní ọdún 1966 ni Orlando Julius Ekemode, afọnfèrè ọmọ bíbí Ìkọ̀lé-Èkìtì, gbé àwo Super Afro Soul jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces. "My Girl" wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú "Ìjó Soul" àti "Jagua Nana", èyí tó bá ìwé tí Cyprian Ekwensi kọ ní ọdún 1961 jẹ́ orúkọ kan náà. Ìrìn orin náà yí padà lọ́wọ́ wọn: ẹgbẹ́ tó ti fi highlife jẹun ni, fèrè àti ìlù wọn kò sì gbàgbé ilé. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn a máa kó aṣọ òfì lọ sí ọjà Ọjẹ́ n'Íbàdàn. Owó aṣọ ni alàgbà náà, géńdé nígbà náà, fi ra àwo orin yìí. Ó sì dì í sáàárín aṣọ tí kò tà, kí ó má baà fọ́ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin fi fóònù ṣí ti The Temptations fún un, tó ní, "Bàbá àgbà, ẹ gbọ́, àwọn tó ni orin yín gan-an nìyí," alàgbà náà tẹ́tí títí orin fi parí. Ó wá ní, "Wọ́n gbìyànjú."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà náà kì í ṣe àwàdà lásán. Otis Redding ló kọ́kọ́ kọ "Respect" ní ọdún 1965. Láti 1967 tí Aretha Franklin ti tún un kọ, òun ni gbogbo ayé fi orin náà mọ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní aláfarawé. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ti Ìbàdàn ni wọ́n ń pè ní ẹ̀dà? Ahunṣọ méjì lè ta òwú aláwọ̀ kan náà sórí òfì. Ẹni tó mọ aṣọ kò ní pe ọ̀kan ní òjìji èkejì.

Ọmọ náà rí ti Orlando Julius pẹ̀lú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀n tún àwo náà gbé jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé. Alàgbà gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ fà ro díẹ̀. "Ibi tó ti máa ń fò dà?" Àwo tirẹ̀ ti họ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì ti fi ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń fò kọ́ ijó.

Kì í ṣe gbogbo olórin ló rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin tí kò jìnnà sí Ṣakí, Samy Ben Redjeb ti wá láti Jámánì, ó ń ṣa àwọn àwo àtijọ́ jọ. Ní ọdún 2008 ló fi díẹ̀ nínú wọn ṣe àkójọ African Scream Contest. Ní Òkè-Ògùn, orí àjà lábẹ́ páànù ni ọ̀pọ̀ àwo wà. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń tẹ̀ wọ́n, ikán ń jẹ páálí wọn, àwọn ọmọ sì ń fi wọ́n ṣeré. Orlando Julius fúnra rẹ̀ ti di olóògbé ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹni tó bá ní irú àwo bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó gbé e kúrò nínú ooru, kí ó gbé e dúró lóòró, kí ó sì ka orúkọ tó wà láàárín rẹ̀ kí ó tó fún ẹnikẹ́ni.