Níbo Ni Kí Wọ́n Sin Wá Sí?

Ọ̀rọ̀ ikú la gbé wá lónìí. Ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ wá lọ́kàn ni.

Àwa tá a ń tajà ní Bauchi Road yìí, a máa ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú wa bá kú, ilé tá a kọ́kọ́ máa ń rò ni Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà tàbí Ìkìrun.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ wa kan tá a jọ ń tajà kú. A dáwó. A sanwó mọ́ṣúárì, a ra pósí, a háyà ọkọ̀, a ra màlúù, a dá aṣọ ẹbí. Ìgbà tá a padà dé Jos la tó mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti yáwó kún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ìsọ̀ yẹn pa, ọmọ méjì sì kúrò ní sùkúù. A ò rí ẹlòmíì dá lẹ́bi. Àwa la jókòó ṣèpàdé, àwa la ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn sí ilẹ̀ àjòjì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àjòjì yìí ló gbé wa padà sínú Bíbélì. Nígbà tí Sárà kú, àtìpó ni Ábúráhámù ní Hébúrónì, bí àwa náà ṣe wà níbí. Kò gbé òkú ìyàwó rẹ̀ padà síbi tó ti wá. 400 ṣékélì fàdákà ló fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ó sin ín síbẹ̀. Jósẹ́fù ní tiẹ̀ ní kí wọ́n kó egungun òun kúrò ní Íjíbítì. Ẹ ò rí i pé gbígbé òkú relé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe òfin.

Ẹ tún rántí 20 May 2014, tí bọ́ǹbù méjì bú ní Terminus. Àwọn èèyàn sáré lọ ran àwọn tí àkọ́kọ́ bá lọ́wọ́, ni ìkejì bá bú mọ́ wọn. Àwọn tó kú lé ní 100. Iná jó òmíràn débi pé ẹbí ò lè dá a mọ̀. Òkú wo lèèyàn fẹ́ gbé relé níbẹ̀? Ṣé àwọn yẹn ti sọnù mọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ ni?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 177, ní ìlú Lyon, ní ibi tó di ilẹ̀ Faransé lónìí, wọ́n pa àwọn Kristẹni, wọ́n sun òkú wọn, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sínú odò Rhône kí wọ́n má baà lè jíǹde. Àwọn tó ṣe é rò pé inú sàréè ni ìrètí wa wà. Wọ́n ṣì í. Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí irúgbìn ni ara tá a sin. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe máa hù.

Pọ́ọ̀lù kan náà pe ikú ní ọ̀tá, èyí tí Kristi máa ṣẹ́gun kẹ́yìn. Torí náà, ẹ jẹ́ ká yé sọ fún opó pé "Má sunkún, Ọlọ́run ló pè é," pàápàá ẹni tí bọ́ǹbù pa ọkọ rẹ̀. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sunkún. Ẹkún àti ìrètí lè jọ jókòó sórí ẹní kan.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa, tẹ́ ẹ máa ń tètè sin òkú síbi tó bá kú sí, ẹ ti gbọ́n jù wá lọ ní ti èyí.

Ohun tá a ti fẹnu kò sí rèé: ká tó dárúkọ màlúù, a máa kọ́kọ́ bi opó pé owó ìsọ̀ ńkọ́, owó sùkúù ńkọ́? Tówó bá ṣẹ́ kù, tí ẹbí sì fẹ́, ká gbé òkú relé. Tí ò bá ṣẹ́ kù, ilẹ̀ Olúwa náà ni Jos. Ẹni tó máa jí òkú dìde mọ Bauchi Road.

A ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó ọ̀rẹ́ wa. Ọmọ kan ti padà sí sùkúù, ó ku ìkejì.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é ládùúgbò tiyín? Ẹ dá sí i o. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí.