Mọ́ṣáláṣí Àwọn Àgùdà ní Àjàṣẹ́

Ní àkókò ìsinmi iléèwé, èmi, ìyá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta gbéra láti Ìgàngàn. A gba Igbó-Ọrà dé Abẹ́òkúta, a gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò wọ Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, èyíinì ni èbúté tuntun.

Nígbà tí a dé iwájú mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́, àbíkẹ́yìn wa dúró. Ó ní, “Bàbá, ṣọ́ọ̀ṣì nìyí, n kò wọlé.” Lóòótọ́, ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ní, “Ọmọ mi, a kó àwọn baba wa lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì lọ́dọ̀ àwọn Potogí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Nígbà tí Ọlọ́hun dá àwọn àti ọmọ wọn padà, iṣẹ́ ọwọ́ náà ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí, láti 1912. Ẹrú ni wọ́n, wọn kò sọ ìrun nù.”

Ọmọ náà bọ́ bàtà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí a yára, àsìkò Àìlà ń lọ.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí àwa ọmọ òmìnira sọ ohun tí ẹrú pa mọ́ nù. Àmín.