Owó Ilé àti Ilé Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, Okala ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ní apá àríwá Libreville tí í ṣe olú ìlú ilẹ̀ Gabon. Ibi tí ó jẹ́ igbó láìpẹ́ ọjọ́ ni ilé ń hù sí bí olú lóde òní, ilé kò sì lè pọ̀ kí ọmọ má pọ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1966 ni òfin ilẹ̀ yìí ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 6 sí 16 máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í mọ ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kì í kan páànù. Ẹnì kan ni yóò san owó rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ní epo rọ̀bì bí Gabon lè máa wo ojú epo. Ibi tí kò sí epo ńkọ́? Ṣé kí a bu owó lé àwọn onílé ni, tàbí kí àwọn ọmọ máa jókòó sábẹ́ igi? Bí mo ti ń ro èyí, ọkàn mi lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, nítorí pé àwọn baba wa ti dáhùn irú ìbéèrè yìí rí, ìdáhùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn tí ó dá a lábàá.

Ní ọdún 1952 ni ìjọba Ẹgbẹ́ Action Group, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, kéde láti ẹnu S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, pé láti oṣù kìíní ọdún 1955 gbogbo ọmọ ni yóò máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ní kí olúkúlùkù ẹni tí ń san owó orí fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì kún un, nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ṣílè mẹ́wàá àti sísì tí ọlọ́rọ̀ oníkòkò san náà ni àgbẹ̀ tí kò ní ju oko ẹ̀gẹ́ lọ san. Inú bí àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìdìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, àga 23 ni ẹgbẹ́ NCNC gbà ní Ìwọ̀ Oòrùn, Action Group sì gba 18.

Àwọn kan a máa sọ pé àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò mọ iyì ẹ̀kọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ta ni ó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934 bí kò ṣe Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìjọ ń dá owó jọ, tí wọ́n ń po amọ̀, tí wọ́n ń ru omi, kí ilé ẹ̀kọ́ lè dúró ní abúlé wọn. Ẹni tí ó ti ṣe èyí rí kì í ṣe ọ̀tá ìwé. Lójú tèmi, ohun tí ó bí wọn nínú ni pé wọ́n san owó lónìí fún ilé tí wọn kò ì tí ì rí, akọ̀wé tí wọn kò mọ̀ rí ni ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àfi ìgbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, tí ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ bí 457,000 ní ọdún tí ó ṣáájú, lé ní 800,000. Ní ọdún 1956 ẹgbẹ́ kan náà tí wọ́n bínú sí ni wọ́n tún dìbò fún. Ojú wọn ti rí i.

Àwọn aládùúgbò wa ní Ìlà Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 1957. Owó kò tó; ní ọdún 1958 wọ́n dá owó ilé ẹ̀kọ́ padà, àwọn obìnrin sì tú síta.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan wí pé ilé ni ó yẹ kí a bu owó lé, kì í ṣe orí, nítorí pé orí lè sá wọ igbó, ilé kò lè sá. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ wo Èkó. Òfin ọdún 2001 kó owó ilé àti owó ilẹ̀ pọ̀ sójú kan. Nígbà tí ìjọba sọ owó náà di ńlá ní ọdún 2018, ariwo gba ìlú kan, wọ́n dín in kù, ní ọdún 2020 wọ́n sì dá ìwọ̀n rẹ̀ padà sí ti ìṣáájú.

Ohun tí àwọn tí ń díwọ̀n ilé kì í fẹ́ rí ni agbo ilé wa. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá àgbà kan tí ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n kọ́ báńkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé náà di olówó iyebíye lórí ìwé. Ata rẹ̀ kò gbówó lé ju ti àná lọ. Kò lè ta ilé, nítorí pé ti ẹbí ni, bàbá rẹ̀ sì sùn sínú ìyẹ̀wù. Kí ni yóò fi san án? Bí ó bá jẹ́ èmi ni káńsù, ilé tí ń gba owó háyà àti ilé ìtajà ni n óò bu owó ńlá lé, n óò sì fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ilé tí ẹbí ń gbé.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó kan àwa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń mọ ògiri, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni olùkọ́ ń jẹun. Ní ọdún 1955 ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì ni ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò tí ì kọ́ bí a ti ń kọ́ni. Nítorí náà káńsù tí ó bá fẹ́ fi kún owó ilé gbọ́dọ̀ ya owó ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára owó olùkọ́, kí ó sì dá ọdún tí owó ògiri yóò dópin. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri káńsù, ní èdè tí ará ìlú ń sọ: iye tí a gbà ní àdúgbò yìí, iye kíláàsì tí a fi kọ́, àti ibi tí ó wà. Nígbà náà ni ìyá aláta yóò lè mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀, kí ó sì ní kí ó kà á sí òun létí.