Ìyá Tí Wọ́n Ní Ó Lọ sí Gold Coast

Ọ̀rọ̀ òkúta sàréè kan ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iwin.

Ìyá tó bí bàbá mi ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kẹ́hìndé ni, Táyé rẹ̀ ti kú láti kékeré. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ kí Màmá dárúkọ ìyá tó bí i rí. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, yóò ní, "Ó já mi jù sílẹ̀, ó bá òwò àdìrẹ lọ sí Gold Coast, kò padà wá." Gold Coast yìí ni a ń pè ní Ghana lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Màmá nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló mú un lọ sí Èkó, ibẹ̀ ló dàgbà sí.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá Màmá gúnlẹ̀. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ìwọ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri, wádìí ti ìyá mi fún mi. Mi ò fẹ́ gbé ìbínú yìí lọ sọ́run."

Mo wọkọ̀, ó di Abẹ́òkúta. Ta ni n ó bi? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán. Láyé àtijọ́, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, oríkì sì ni ìwé tí wọ́n fi ń rántí wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Townsend àti Àjàyí Crowther tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, àwọn onígbàgbọ́ ń sin òkú wọn sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń kọ orúkọ sára òkúta. A mọ sàréè bàbá Màmá nínú ọgbà bẹ́ẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni mo gbà lọ.

Mo gbàyè lọ́wọ́ bàbá tó ń tọ́jú ọgbà náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè tí a mọ̀, òkúta mìíràn wà nínú igbó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fa àdá yọ, mo fẹ́ fi ha á. Bàbá pariwo, "Yéè! Ṣé o fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Bíríkìlà ni bàbá yìí nígbà tí agbára wà. Ó ní a kì í fi irin tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin kan òkúta sàréè, a kì í sì í da ásíìdì sí i, nítorí wọn a máa jẹ lẹ́tà. Omi lásán ni kí n fi rin ín, kí n jẹ́ kó rọ̀, kí n wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Igi tín-ínrín ni kí n fi yọ ìdọ̀tí inú lẹ́tà. Bí òkúta bá ti sán, kí n má fọwọ́ kàn án rárá.

Wákàtí méjì ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo rí "aya", mo rí orúkọ bàbá Màmá. Mo wo ọdún rẹ̀: 1988! Ọkàn mi já. Àbí lóòótọ́ ló wà láyé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí kò wá ọmọ rẹ̀ wá? Mo ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí bàbá ní, "Jókòó. Oòrùn ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kí lẹ́tà hàn. Jẹ́ kó rọlẹ̀."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, òjìji wọ inú lẹ́tà. Háà! 1938 ni! Ìdọ̀tí ló dí ẹnu 3 pa tó fi jọ 8. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ "Ìyá Ìbejì". Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ aládìrẹ ló ṣe òkúta náà fún ìrántí rẹ̀.

Ìyá yìí kò lọ síbì kankan. Ó kú ni. Wọ́n fi ìrìn àjò tan ọmọdé kó má baà sunkún, bí a ti máa ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì rántí sọ òótọ́ fún un nígbà tó dàgbà. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí Màmá fi ń bínú sí òkú.

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi. A kì í pe orúkọ àgbà ní gbangba, n kò ní kọ ọ́ síbí. Oríkì rẹ̀, Àjọkẹ́, ni kí ẹ bá mi jẹ́. Nígbà tí mo kà á fún Màmá, ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Àjọkẹ́, ẹ má bínú sí mi." Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé òkúta náà mọ́ báyìí?"

Mo ní, "Ó mọ́, Màmá."

Ẹ̀yin ìyá wa, Ìyá Bọ́sẹ̀ tàbí Ìyá Ràṣídì ni gbogbo ọjà ń pè yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ tiyín àti ti ìyá tó bí yín sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ní òkúta láti fọ̀, kó tètè lọ. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba tú ibi ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó ká, níbi tí wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sí nígbà tó kú ní 1891. Wọ́n gbé egungun bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Kàtídírà ní Marina. Ta ló gbé ti àwọn ìyá aláṣọ?