Apẹ̀rẹ̀ Èso Kan, Mílíọ̀nù 24! Ìyá Aláta Bódìjà Fèsì



Ní Agbowó ni ọmọ yunifásítì kan ti fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan ni, tí wọ́n to èso pupa wẹ́wẹ́ sí, ó ga ṣónṣó bí òkìtì ata. Strawberry ni òyìnbó ń pe èso náà. Ife omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú òdòdó funfun méjì àti èso mẹ́ta mìíràn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ṣé torí èyí lo ṣe dá mi dúró?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ béèrè iye tí wọ́n tà á."

Ní Párísì, lọ́dún 2022, wọ́n lu ú ní gbàǹjo, ó ju mílíọ̀nù 24 owó yúrò lọ! Háà!

Jean-Siméon Chardin, ọmọ káfíńtà kan ní Párísì, ló fi ọ̀dà olóròóró yà á ní nǹkan bí ọdún 1761. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ń ya ọba àti ogun ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Ẹni tó ń ya oúnjẹ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń tò ó sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ra àwòrán yìí fẹ́ gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ìjọba Faransé ní kò gbọdọ̀ jáde. Louvre, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ní kí ará ìlú dáwó. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 10 èèyàn ló dá a, ilé iṣẹ́ ńlá kan sì gbé èyí tó pọ̀ jù. Lọ́dún 2024, ó di tiwọn.

Mo gba Bódìjà lọ. Ìyá aláta kan ń to tòmátì sórí àtẹ: ó fi aṣọ nù ún, ó fi ńlá sísàlẹ̀, kékeré lókè, ó wá fi rodo mẹ́ta dé e lórí. Mo ní, "Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá mi ni. Bí kò bá wu ojú, ta ni yóò yà?"

Mo ròyìn apẹ̀rẹ̀ Faransé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ó ní, "Bàbá, èso tí kì í rà ni wọ́n rà yẹn. Òkè Ọya ni tèmi ti ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́rì bà jẹ́ lọ́nà, odindi apẹ̀rẹ̀ méjì ni mo dà nù. Ta ló dáwó fún mi?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo ra tòmátì ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó fi èènì sí i.

Ẹ̀yin tó ń kun pátákó ní Dúgbẹ̀ àti Challenge, ọ̀dà wà lọ́wọ́ yín. Ta ni yóò ya àtẹ ìyá yìí kí ó tó rà? Ẹ kọ̀wé sí wa.