Àpáta Tí A Gbẹ́ àti Àpáta Tí A Sá Sí

Àwọn àgbà máa ń wí pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àwa olùkọ́ ti fi òwe yìí kìlọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tiwa yìí a rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì: ọmọ mìíràn wà tí ó mọ oko baba ẹlòmíràn dáradára, tí kò sì mọ ọ̀nà tí ó lọ sí oko baba tirẹ̀. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìwé yìí.

Àwòrán àwọn ilé ìsìn Lálíbẹ́là ni ó fa ọ̀rọ̀ náà jáde láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní Mowé, Ìbafò àti Ifọ̀. Ní ilẹ̀ Etiópíà ni Lálíbẹ́là wà, orúkọ ọba kan tí ó jẹ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹtàlá ni wọ́n sì fi pè é. Ilé ìsìn 11 ni ó wà níbẹ̀, a kò sì fi bíríkì tàbí igi kọ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́ àpáta náà lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ la kòtò yí i ká, wọ́n sì wá gbẹ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé, òpó àti ìyẹ̀wù jáde láti inú òkúta kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Jọ́jì Mímọ́ dà bí àgbélébùú, òrùlé rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ lókè. Kì í ṣe ahoro. A ń sin Ọlọ́run níbẹ̀ títí di òní, àti ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní, tí í ṣe Kérésìmesì tiwọn, àwọn èrò aláṣọ funfun a máa kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Nígbà tí a ṣàlàyé èyí tán, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ló dé tí àwọn baba tiwa kò fi gbẹ́ ilé Ọlọ́run sínú òkúta? Ṣé wọn kò gbọ́n tó ni?”

Ìbéèrè yìí wọ̀ wá lára. Ọmọ tí ó bá gbà pé baba òun kò gbọ́n, kò ní pẹ́ gbà pé òun náà kò lè gbọ́n. A kò fẹ́ fi ẹnu lásán dáhùn, a wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a lọ wo òkúta tiwa.” Bí a ṣe múra àtilọ sí Abẹ́òkúta nìyẹn.

Ọ̀nà tí a gbà pín sí méjì. Àwọn tí ó ti Ìbafò àti Mowé gbéra gba òpópó Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, títí dé oríta Ṣágámù, wọ́n sì yà sí apá òsì gba Kóbapẹ́ wọ ìlú. Àwọn tí ó ti Ifọ̀ gbéra gba ọ̀nà àtijọ́ tí ó kọjá ní Papalanto àti Ewékorò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ojú irin náà kò ṣàìní ọ̀nà: ti àtijọ́ tí ó gba Ifọ̀ dé Ìbàdàn ni wọ́n ṣí ní 1901, tuntun tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ni wọ́n ṣí ní 2021, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà, ní Papalanto àti ní Abẹ́òkúta. Ibùdókọ̀ ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ olórí ilé-ìwé ìjọ ní Aké, kí àwa olùkọ́ lè mọ̀ pé iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ asán.

Ní Ewékorò ni a ti rí apá kan ìdáhùn tí a ń wá. Òkúta ẹfun ni ó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Láti 1960 ni wọ́n ti ń wà á ṣe sìmẹ́ńtì. Òkúta náà rọ̀, a sì máa bá ìkarahun ẹran inú òkun nínú rẹ̀, nítorí pé òkun ni ó bo ilẹ̀ náà ní ayé àtijọ́. Òkúta Lálíbẹ́là náà rọ̀: eérú òkè oníná ni, tí ó dì pọ̀, irin sì lè gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Olúmọ, akọ òkúta ni. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ̀ọ̀ lásán kọlù ú, ẹ̀rọ̀ọ̀ ni yóò ròyìn. Nítorí náà kì í ṣe ọgbọ́n ni àwọn baba wa kò ní. Olúkúlùkù ń ṣe ohun tí òkúta ilẹ̀ rẹ̀ gbà fún un.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ Olúmọ, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa olùkọ́. Ọ̀kan nínú wa, ọkùnrin olóòótọ́ tí a bọ̀wọ̀ fún, wí pé òun kò ní gun òkè tí wọ́n ń bọ lọ́dọọdún, àti pé kò tọ́ kí a mú ọmọ onígbàgbọ́ dé ojúbọ. Òmíràn dá a lóhùn pé a kò wá bọ ohunkóhun, ìtàn ni a wá kà. A kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà dúró ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òbí wọn kò fẹ́ kí wọ́n gòkè. Àwa yòókù gun àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta lọ sókè.

Abẹ́ àpáta náà ni a dúró pẹ́ sí jùlọ. Ní nǹkan bí 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn ká, tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá síbẹ̀. A rí ihò tí wọ́n sùn sí, tí ènìyàn níláti tẹ̀ ba kí ó tó wọlé, àti ojú ibi jíjìn wẹẹrẹ nínú òkúta tí àwọn obìnrin ti ń lọ ata àti ọkà. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ wa fi ọwọ́ sí ọ̀kan, ó sì dákẹ́. Àwọn ìyá àgbà tí a bá níbẹ̀, a kúnlẹ̀ kí wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí ìyá ẹni, wọ́n sì súre fún àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tí ó bọ òrìṣà, kò sì sí ẹni tí ó bú òrìṣà.

Láti ibẹ̀ ni gbogbo wa ti jọ lọ sí ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké. Ilé tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ni wọ́n parí ní 1898, ṣùgbọ́n ìjọ náà ti wà ṣáájú ilé. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí a dá sílẹ̀ ní Sàró, ni ó kọ́kọ́ padà wá wá àwọn ará wọn. Wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn oníwàásù. Freeman dé ní 1842, Townsend dé ní 1843, àti ní 1846 Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wá fi ìlú náà ṣe ibùjókòó. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 20 tí ogun ti yà wọ́n. Ní 1848 a sì ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a pè é ní Hánà.

Ibí yìí ni a ti dáhùn àríyànjiyàn wa. Ká ní kò sí ibi ìsádi, ìlú kì bá tí wà. Ká ní ìlú kò sí, ibo ni ará Sàró ìbá ti wá ará rẹ̀ lọ? Ẹni tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òjò kì í bú òrùlé. A lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àpáta, kí a má sì wólẹ̀ fún àpáta. Olùkọ́ tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ gbọ́ èyí. Kò yí ìpinnu rẹ̀ padà pé òun kò ní gòkè, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí ó má bàa nù.

Ohun mìíràn tún wà. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, wọ́n wó ilé ìsìn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní Abẹ́òkúta. Ìjọ kò tìtorí èyí kú. Àwọn onígbàgbọ́ tí í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá ni ó dì í mú. Lálíbẹ́là gbẹ́ ìjọ sínú òkúta, ó sì pẹ́. A gbẹ́ tiwa sínú ènìyàn, òun náà sì pẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ fi Lálíbẹ́là han àwọn ọmọ, nítorí ohun ìyanu ni, ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ni ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ mú wọn dé Olúmọ àti Aké pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ fi ọwọ́ kan ojú ọlọ tí ó wà nínú òkúta, kí ẹ sì bi ara yín pé: ta ni ó lọ ata níhìn-ín kí èmi tó lè ní ilé?