Sítátà Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́, mi ò mọ èyí tí wọ́n ń dá lẹ́bi láìṣẹ̀ tó sítátà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò dáhùn, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí á ní, "Sítátà ti lọ." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí Píjò 504 píkọ́ọ̀pù tí bàbá wa fi sílẹ̀ fi ojú mi rí ló jẹ́ kí n máa sọ pé wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Ara irú èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná ni ọkọ̀ náà. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Èlùbọ́ àti gààrí ìyá mi ló ń kó láti Ọ̀yọ́ lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn. Láàárọ̀, ẹ kàn fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ni, ó ti jí. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ọjà, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí a já ẹrù tán, á dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́kẹ́ á pa. Àwọn alábàárù ló máa ń bá wa tì í. Ìyá mi á dúró nínú oòrùn, á máa bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí púpọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní ká ra sítátà tòkunbọ̀, a rà á. Kò pẹ́ tó tún padà sí "kọ́". Wọ́n ní bátìrì ni, a ra tuntun. Bí owó ọjà ìyá mi ṣe wọlé síbẹ̀ nìyẹn.

Bàbá àgbà kan tó ń ṣe ríwáyà ní Ọ̀yọ́ ló gbà wá. Wọn ò ní ká lọ ra ohunkóhun. Mítà ni wọ́n mú jáde, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná ná, nítorí àìsàn tó ń wá lọ́sàn-án, ọ̀sán ni wọ́n fi ń wò ó. Bátìrì ka fóòtì 12.6, èyí tó fi hàn pé ó kún. A yí kọ́kọ́rọ́, "kọ́", bátìrì ò wálẹ̀ ju 11 àti díẹ̀ lọ. Mo ní, "Bàbá, bátìrì dáa nìyẹn o." Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ẹ́?" Sítátà tó bá ń fa iná dáadáa á mú bátìrì wálẹ̀ dé bíi 10. Tó bá já sísàlẹ̀ 9.6, bátìrì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Tiwa ò wálẹ̀ tó bó ṣe yẹ: nǹkan kan ló dí iná lọ́nà.

Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ mítà kan kan orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì gan-an, mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí ohun tí mítà máa kà níbẹ̀ ju 0.2 tàbí 0.3 lọ. Tiwa kọjá 6! Ìdajì agbára bátìrì ń ṣòfò kó tó padà sílé.

Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Wáyà ẹ́ẹ̀tì kan ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀, òun sì ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá bó o, bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, okùn díẹ̀ ló kù tó mọ́, ìpẹtà sì ti bo ìdí bóòtù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti fi gílóòbù dán wáyà yẹn wò, gílóòbù náà tàn dáadáa. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Gílóòbù kékeré ò ju ámípù kan sí méjì lọ, sítátà ń fa ju 100 lọ. Ọ̀nà tóóró tí ẹnì kan gbà kọjá, gbogbo èrò ọjà ò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn wáyà sítátà nígbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀.

A fi sáńpépà ha ìdí bóòtù títí irin fi ń dán, a de wáyà tuntun tó nípọn bíi ti bátìrì, a fi gíríìsì díẹ̀ bò ó. Sítátà àtijọ́ tí wọ́n ní ó ti kú ni a tún dá padà. Òun ló ń jí ọkọ̀ náà títí dòní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọn wáyà sítátà fún ẹni tó bá pè mí. Láàrin pọ́sítíìfù bátìrì àti bóòtù ńlá ara sítátà, kò yẹ kó ju 0.5 lọ. Tí ọkọ̀ ò bá dún rárá, tí iná iwájú sì tàn rekete bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ lọ sórí sítátà ni kí ẹ tọ̀. Tí okùn ṣóòkì bá sì ń gbóná nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì, ẹ̀rù ni kó bà yín, torí iná tí kò rí ẹ́ẹ̀tì gbà ló gba ibẹ̀, ó sì lè dáná sun ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan bóòtù méjèèjì lórí sítátà nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú jíà. Ọkọ̀ á fò síwájú, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló sì máa tẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú lórí bátìrì, òun náà ni kí ẹ dè gbẹ̀yìn. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ lọ ra sítátà, ẹ bi wọ́n léèrè iye fóòtì tí mítà kà lójú ẹ́ẹ̀tì. Bí wọn ò bá tíì wọ̀n ọ́n, ẹ má tíì sanwó.